Ìwé Ìdìbò Mọ́kànlá Lórí Pẹpẹ

Ó ti di ọdún kẹta báyìí, ní ìgbà ìwọ́wé, tí àwa òṣìṣẹ́ ojú irin kékeré kan ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí dìbò láti yanṣẹ́ lódì. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti ọgbà ọkọ̀ etí odò, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lè ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́la. Èmi kọ́ ni akọni inú ìtàn náà. Ó dára kí ẹ tètè mọ̀, kí ẹ má baà máa retí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà ni. Lẹ́yìn tí mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ kiri fún oṣù mẹ́jọ, iṣẹ́ akọ̀wé ni mo rí, ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tó wà létí odò. Ojú irin wa kò gùn ju máìlì mẹ́ta lọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń ti òkèèrè bọ̀ máa ń já kẹ̀kẹ́ ẹrù sílẹ̀ fún wa níbi tí ojú irin tiwa ti so mọ́ tiwọn. Ìpàdé la ń pe ibẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì tiwa á wá fà wọ́n lọ sétí odò, níbi tí wọ́n ti ń já òkúta, yanrìn àti irin àlòkù, á sì fa àwọn òfìfo padà wá. Àlọ àti àbọ̀ ni, lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló la ojú irin náà láyé ọjọ́un, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé ní àwọn ilé Becontree nítòsí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n hú púpọ̀ nínú irin náà, ilé iṣẹ́ kékeré tiwa sì ra ohun tó ṣẹ́ kù.

Ẹni méjì ló ń bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Awakọ̀ wà lókè nínú ẹ̀ńjìnnì. Ẹnì kejì, tí a ń pè ní ẹni ilẹ̀, wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́. Òun ló ń so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ra, òun ló ń yí ojú irin sí apá tí ọkọ̀ máa gbà, òun náà ló sì ń dá mọ́tò dúró níbi tí ojú irin ti gba àárín títì kọjá. Títì yẹn kò ní géètì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ àwọn fúláàtì tuntun sí, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tí ojú wọn kì í kúrò lára fóònù.

Antí Bísí ni ẹni ilẹ̀ tó sábà máa ń dúró sí títì yẹn. Ọmọ Èkìtì ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì ń bá fèrè ẹ̀ńjìnnì du ipò. Bí ọmọ kan bá ń rìn bọ̀ láìwòkè, á ní, "Ìwọ oníbáàgì pupa yẹn, gbójú sókè kí n tó wá fẹjọ́ ẹ sun ìyá ẹ." Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń dúró.

Nínú oṣù kẹsàn-án, máníjà wa, ọmọ Essex kan tí kì í gbóhùn sókè, pè wá jọ. Ó ní láti ọdún tuntun, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bá ọkọ̀ lọ. Awakọ̀ yóò gbé àpótí ìdarí kan kọ́ àyà, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò so kẹ̀kẹ́ mọ́ra fúnra rẹ̀, yóò sì máa ti ilẹ̀ darí ẹ̀ńjìnnì. Kámẹ́rà ni yóò máa wo títì. Ó ní a óò rí i pé ó rọrùn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Alàgbà Ṣówándé, alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, dìde sọ̀rọ̀ ní yàrá oúnjẹ. Awakọ̀ tó dàgbà jù nínú wa ni, ó sì tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí èmi àti màmá mi ń lọ ní Becontree. Nínú àwa mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a wà nínú ẹgbẹ́ níbi iṣẹ́, mọ́kànlá ló jẹ́ ọmọ ìjọ náà yàtọ̀ sí èmi, torí pé bí àyè bá ti ṣí sílẹ̀, Alàgbà ló ń sọ fún àwọn èèyàn wa.

Ó ní, "Bàbá mi ló ń yí ojú irin lórí ọ̀nà kékeré kan nílẹ̀ Yewa, èyí tó ya kúrò lára ojú irin ńlá. Kòkó ni ọkọ̀ ibẹ̀ ń kó. Ṣé ẹ mọ bí ọ̀nà náà ṣe kú? Wọn ò kọ́kọ́ hú irin o. Èèyàn ni wọ́n ń yọ. Wọ́n yọ ẹni tó ń wo títì, wọ́n yọ bàbá mi, wọ́n ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìkẹyìn kọjá, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó kù níbẹ̀ tó máa juwọ́ sí i."

Terry, awakọ̀ òyìnbó kan tí òun àti Alàgbà ti jọ ń wa ọkọ̀ láti ogún ọdún, béèrè pé, "Pásítọ̀, ṣé ìwàásù nìyí àbí ìpàdé?"

"Méjèèjì ni. Jókòó."

Bí a ṣe pinnu láti dìbò nìyẹn. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, torí pé mo kàwé, àti torí pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Ìbò ìyanṣẹ́lódì nílùú yìí kì í ṣe ti kí a nawọ́ sókè. Wọ́n á fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí oníkálukú nílé, yóò fàmì sí i, yóò lẹ̀ ẹ́ sínú àpòòwé, yóò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò kà á. Ìdajì wa, ìyẹn mẹ́tàlá, ni ìwé wọn gbọ́dọ̀ dé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni òpin. Mo kọ "Ọjọ́bọ̀" gàdàgbà sára ìkéde tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, mo sì rò pé iṣẹ́ tèmi ti parí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ ojú irin dúró. Ó gbé abọ́ fàdákà tí a fi ń gba ọrẹ jáde. Àwọn mọ́kànlá náà, títí kan Antí Bísí, kó àpòòwé wọn tí wọ́n ti lẹ̀ pa sínú rẹ̀, wòlíì gbàdúrà lé e lórí, Alàgbà sì gbé e lọ sórí pẹpẹ. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́ tipẹ́, torí pé ìlú òyìnbó níbí ni mo dàgbà sí, mi ò mọ̀ pé ìbò ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo kúnlẹ̀.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọn ò ní fi ránṣẹ́ lónìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Adéọlá, ìlú òyìnbó lẹ̀yin ọmọ yìí ti ń dìbò, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ojú mi báyìí ni àpótí ìbò ṣe wọ mọ́tò nílé, tí kò sì dé ibi tó ń lọ. Ìbò tó bá ń rìn lójú ọ̀nà láìsí ẹ̀ṣọ́, ti olè ni. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìdìbò. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a óò jọ kó wọn lọ jù sápòótí ìfìwéránṣẹ́, a óò sì dúró tì í títí wọ́n á fi wá kó o."

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí a kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ tí ìwé náà gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ àwọn tó ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí a óò fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n màmá mi dúró lẹ́yìn mi, wòlíì ń wò wá, ọkùnrin tí mo kúnlẹ̀ fún yìí sì ni ẹni tó gbé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi. Mo ní, "Ẹ ṣé sà," mo sì dìde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi lónírúurú ọ̀nà láti ìgbà náà, pé ọ̀wọ̀ ni, pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Ìbẹ̀rù ni.

Mo gbé e mọ́ra ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo ka iye ìwé tó ṣeé ṣe kó ti lọ. Nínú àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kì í ṣe ti abọ́ yẹn, méje péré la ti fi ránṣẹ́, èmi àti àwọn mẹ́fà tó sọ fún mi. Àwọn yòókù ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Méje kò tó mẹ́tàlá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rìn lọ bá Antí Bísí níbi títì, mo sì tú gbogbo rẹ̀ síta.

Ó ń dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lọ́wọ́. Kò wojú mi títí ọkọ̀ wa fi kọjá tán.

"Ó ti wà lórí pẹpẹ láti ọjọ́ Àìkú, o sì mọ̀ pé kò ní dé lákòókò?"

"Mo mọ̀, Antí. Mo ń rò ó pé—"

"Ìrònú ẹ ti pọ̀ jù. Kọ̀mpútà gan-an a máa sinmi. Lọ sọ fún Alàgbà."

"Àgbà ni wọ́n, Antí. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Sọ pé wọ́n ṣì í. Bí mo bá rí ọmọ lórí irin yìí, ṣé màá kọ́kọ́ béèrè bóyá àgbà ló ń wa ọkọ̀ kí n tó kígbe?" Ó fi àsíá ọwọ́ rẹ̀ nà mí léjìká. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, mo gbà. Lọ bá ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ tó o. Máa lọ, akọ̀wé."

Alàgbà ń yẹ búrékì ẹ̀ńjìnnì wò nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra. Mo sọ ọ́ láìdá ẹnu dúró: pé Ọjọ́bọ̀ ni ìwé gbọ́dọ̀ ti dé, pé lẹ́tà lè lo ọjọ́ méjì lọ́nà, pé tí a kò bá fi ránṣẹ́ lónìí kí mọ́tò ìfìwéránṣẹ́ tó wá kó o ní aago márùn-ún ààbọ̀, ìbò mọ́kànlá ti ṣòfò nìyẹn, Antí Bísí yóò sì kúrò lójú títì.

Ó gbójú kúrò lára búrékì. Ó ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Àìkú, sà."

"O sì sọ pé 'ẹ ṣé sà' fún mi."

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, sà."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo retí ìbínú. Ohun tó sọ ni pé, "Àgbà tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún pé ó ti ṣìnà, awakọ̀ tí ò ní ẹni ilẹ̀ ni. Ta ló máa wa ọkọ̀ yìí?"

Òfin gbà wá láyè láti pààrọ̀ ìṣiṣẹ́ bí awakọ̀ méjì bá jọ fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi sì ni ìwé ìpààrọ̀ wà. Terry fọwọ́ sí i lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀. "Máa lọ, Pásítọ̀. Sọ fún Ọ̀gá Òkè pé Terry ló ń bá a fa òkúta lónìí." Nígbà tí máníjà yọjú lójú fèrèsé tó béèrè ibi tí Alàgbà ń lọ, Terry dáhùn pé, "Ó ń lọ gbàdúrà," kò sì parọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Becontree, Alàgbà ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ jù sápòótí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní rárá. Ó yà mí lẹ́nu pé mo sọ ọ́, mo sì ní láti ṣàlàyé. Bí ilé iṣẹ́ bá gbọ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló kó ìbò ẹni mọ́kànlá rìn, lọ́yà wọn yóò ní a ti fọwọ́ kàn án, wọ́n sì lè wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Oníkálukú gbọ́dọ̀ wá mú tirẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú àpótí. Alàgbà mi orí. "Nígbà náà, máa pè wọ́n. Kí lo ń dúró dè?"

Mo pe gbogbo wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wọlé lọ sí pẹpẹ, ó sì gbé abọ́ náà jáde wá sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú dé láti ojú oorun. Ọ̀kan wọ sálúbàtà, àmì ìrọ̀rí ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òmíràn dé pẹ̀lú báàgì ọjà láti Heathway, ó ní òun ti fi ẹran sílẹ̀ lórí káńtà. Antí Bísí dé lẹ́yìn tí ẹni tó gba ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti dúró sójú títì. Bí ẹnì kan bá ti mú tirẹ̀, Alàgbà á tọ́ka sí àpótí pupa tó wà ní òdìkejì òpópónà, á sì dúró wò ó títí yóò fi jù ú sínú rẹ̀. Títí aago márùn-ún fi lù, òun gan-an ti ju tirẹ̀, àpòòwé mẹ́wàá ló ti wọlé. Ó ku ọ̀kan.

Ti Kúnlé ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹni ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìpàdé. Mo tún pè é.

"Kúnlé, wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kíákíá. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

"Mi ò lè wá. Kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ níbí, èmi àti Terry la jọ wà. Tí n bá kúrò, òun nìkan ló kù. Ṣé kì í ṣe nǹkan tí à ń bá wọn fà nìyẹn?"

Mo tún wo aago.

"Bá mi jù ú sápòótí, jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Alàgbà gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Gbogbo wa ló ń wo àpòòwé kan ṣoṣo tó kù nínú abọ́. Ó rọrùn púpọ̀ láti mú un. Mo ní, "Kúnlé, má bínú. Mi ò lè fọwọ́ kàn án." Antí Bísí pòṣé. Mọ́tò ìfìwéránṣẹ́ dé, ó kó ohun tó wà nínú àpótí, ó sì lọ. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ náà tọ Kúnlé lọ ní Ìpàdé, tí Kúnlé sì nawọ́ mú àpòòwé rẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Wọ́n ti ka ìbò tán kó tó dé.

Ìwé mẹ́tàdínlógún ló dé lákòókò. Mẹ́rìnlá ní kí a yanṣẹ́ lódì, mẹ́ta kọ̀. Máníjà kò jẹ́ kó di ìyanṣẹ́lódì, ó pè wá sí ìjíròrò. A fi ọjọ́ méjì jókòó, Alàgbà kò sì mira. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbà pé ẹni ilẹ̀ yóò máa wà lójú títì fún gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ìpàdé wà nínú ọgbà, pé aráàlú kì í dé ibẹ̀, pé awakọ̀ lè dá a ṣe. A bi ara wa bóyá kí a kọ̀ ọ́. Ó ti rẹ̀ wá, ọdún tuntun sì ti sún mọ́lé. A gbà á. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ Kúnlé ló lọ. Ó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní apá Dagenham East. Mo bá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, mo ń ṣàlàyé òfin, mo ń ṣàlàyé ọkàn mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Adéọlá, mi ò bínú pé o ò jù ú sápòótí. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ìbò mi ò dé, ẹ sì borí. Ó jọ pé ibẹ̀ lẹ ti kọ́ ọ pé ẹ lè borí láìsí mi."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn ìwé ẹgbẹ́ mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, èyí ni ìṣirò mi. Láàárọ̀ yìí, Antí Bísí wà lójú títì, ó sì ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn la rí gbà. Àwọn méje tó fi ìwé wọn ránṣẹ́ láìsí ẹni tó lé wọn lẹ́yìn, àwọn mẹ́wàá tó fi oorun àti ẹran sílẹ̀, àti Terry tó fa òkúta ẹlòmíràn, àwọn ló gbà á fún wa. Bí ẹ bá rí àgbà yín tó ń ṣìnà, ẹ kúnlẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kí ẹ tó dìde. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Ajé ni Kúnlé ì bá ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ṣé ìbò kan yẹn ì bá ti mú kí a di Ìpàdé mú? Mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé à bá ti rántí pé Kúnlé wà níbẹ̀.

Alàgbà ti fẹ̀yìn tì, èmi sì ṣì ni akọ̀wé. Ní Ìpàdé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń rìn láàárín kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́rìnlá pẹ̀lú àpótí ìdarí láyà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, kò sẹ́ni tí yóò kígbe sórí rédíò. Ní oṣù tó ń bọ̀, a tún máa dìbò. Kí n tó kọ ohun tí a ń béèrè, mo lọ bá Kúnlé, mo bi í bóyá ó fẹ́ padà. Ó ní kí n má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Mi ò ṣèlérí. Mo kọ ọ́ ní ìlà àkọ́kọ́: kí wọ́n dá ẹnì kejì padà sí Ìpàdé, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ Kúnlé. Mo ka ìlà náà fún un lórí fóònù kí n tó fi ránṣẹ́, ó sì ní kí n tún un kà.